Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Láti Fi Owó Ìlú Tún Pápá Ogun Ṣe?

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń ná owó lé lórí, ó ṣòro láti rí èyí tí ó ya ni lẹ́nu bí èyí: pé kí ìjọba mú owó ìlú, kí wọ́n fi wó ilé tí ó dúró ṣinṣin, kí wọ́n fi gé igbó tí ó ti dàgbà, kí wọ́n sì fi gbin igi eléso sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní í ká èso rẹ̀ lọ sí ọjà, kìkì kí ilẹ̀ náà lè padà rí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn pa ara wọn nípakúpa lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òfin wà fún un, owó wà fún un, àwọn ọ̀mọ̀wé sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ibi tí ọgbà oko kan gbà kọjá, tàbí ibi tí igi kan dúró sí, ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìgbà àtijọ́.

A fẹ́ bi ara wa léèrè bóyá ohun tí ó tọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìbéèrè àwọn ará òkèèrè ni. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú ogójì ọmọ, tí ó ń kọ́ wọn ní ìtàn ogun tí ó ti parí kí a tó bí àwọn baba ńlá wọn, òun náà ń ná ohun iyebíye lórí àwọn òkú, nítorí àkókò àwọn alààyè ni ó ń ná. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde tí ó sì bi í pé, “Olùkọ́, kí ni èrè rẹ̀?”, ó yẹ kí ó ní èsì. Èsì tí ó bá tọ́ fún ọmọ náà ni yóò tọ́ fún ìjọba tí ń ná owó sórí pápá ogun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Láti ọdún 1861 títí di ọdún 1865 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà, ìhà Àríwá pẹ̀lú ìhà Gúúsù. Oko ẹrú ni gbòǹgbò ìjà náà, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù fẹ́ yapa kúrò lára ìyókù kí wọ́n má baà pàdánù ẹrú wọn. Àwọn tí ó kú kò dín ní 620,000. Ní ọdún 1990, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin orílẹ̀-èdè náà fi àṣẹ sí i pé kí a yan àwọn kan láti wádìí ipò tí àwọn pápá ogun wọ̀nyí wà. Wọ́n rí i pé ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀, ńlá àti kékeré, ju 10,000 lọ, wọ́n sì ṣa 384 nínú wọn tí ó ṣe pàtàkì jùlọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1993, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn 384 wọ̀nyí ni ó ti parẹ́ pátápátá: ilé, òpópónà àti ọjà ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Nítorí èyí ni ètò tí à ń pè ní American Battlefield Protection Program, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, fi ń gbilẹ̀ sí i. Òfin ọdún 2002 fi owó ìrànwọ́ sílẹ̀ láti ra ilẹ̀ tí a ti jagun abẹ́lé. Ní ọdún 2014, wọ́n fi ilẹ̀ ogun òmìnira àti ti ogun ọdún 1812 kún un. Ní ọdún 2019 ni òfin mìíràn fi oríṣi ìrànwọ́ méjì sí i: ọ̀kan láti ṣàlàyé ìtàn fún àwọn tí ń ṣe àbẹ̀wò, èkejì láti tún ilẹ̀ náà ṣe kí ó lè rí bí ó ti rí ní ọjọ́ ìjà. Ohun méjì sì wà nínú ìrànwọ́ ilẹ̀ rírà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Èkíní, ìjọba kì í san ju ìdajì lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ náà ni yóò wá ìdajì yòókù. Èkejì, láti inú àpò kan ni owó náà ti ń wá, èyí tí ó jẹ́ pé owó tí ìjọba ń gbà lórí epo àti gáàsì tí a ń wà lábẹ́ òkun ni ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀.

Ìlú Gettysburg ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ àtúnṣe náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe láti inú àpò kan ṣoṣo ni owó iṣẹ́ ibẹ̀ ti wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà níbẹ̀, láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ọdún 1863; àwọn tí ó kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí a kò rí mọ́ sì tó 51,000. Lẹ́yìn ìgbà náà igbó hù níbi tí kò sí igbó rí, ọgbà eléso kú, ọgbà oko wó. Wọ́n gé igbó tuntun náà, wọ́n gbin igi eléso padà, wọ́n sì tún ọgbà oko mọ. Ilé ìṣọ́ gíga kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn ń sanwó láti gùn kí ó lè wo gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ọdún 2000. Ní ìlú Franklin, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí ọ̀gágun mẹ́fà ti ìhà Gúúsù ti pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìjà ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kọkànlá, ọdún 1864, ilé oúnjẹ Pizza Hut kan ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2005 wọ́n rà á, wọ́n sì wó o. Ní ọdún kan náà, àwọn ará ìlú parapọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìlú wọn, wọ́n ra pápá gọ́ọ̀fù tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn ibi ìjà náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò fẹ́ ẹ, nítorí agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wí ni pé àwọn alààyè ni ó ni owó, kì í ṣe àwọn òkú. Ọmọdé kan ń bẹ tí kò ní ìwé, aláìsàn kan ń bẹ tí kò ní oògùn, ìdílé kan ń bẹ tí kò ní ilé; báwo ni a ó ṣe fi owó gé igbó kí ilẹ̀ lè jọ ti ọdún 1863? Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Àwọn kan ń fèsì pé ẹni tí ó bá fi ọ̀ràn ilẹ̀ falẹ̀ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìnwá. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1988, nígbà tí àwọn oníṣòwò fẹ́ kọ́ ọjà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ pápá ogun Manassas, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní láti gba ilẹ̀ náà ní tipátipá, ékà 542, owó tí wọ́n sì san lé e ju 100,000,000 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n èsì yìí kò tó. Bí ohun kan kò bá tọ́, kò di ohun tí ó tọ́ nítorí pé a rí i rà ní ẹ̀dínwó.

Èsì tí ó wọ̀ wá lọ́kàn ni pé gbèsè wà láàárín orílẹ̀-èdè àti àwọn tí ó rán lọ sí ojú ogun. Ìjọba tí ó lè pe ọmọ ọdún méjìdínlógún kúrò ní oko baba rẹ̀, kí ó fi ìbọn lé e lọ́wọ́, kí ó sì wí fún un pé kí ó lọ kú, kò lè yí padà lẹ́yìn náà kí ó wí pé ibi tí ó kú sí kò kan òun. Irú ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1896. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú irin tí ń fi iná mànàmáná rìn gba orí ilẹ̀ Gettysburg kọjá, wọ́n sì jiyàn pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìrántí lásán. Àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ náà pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, bí wọ́n bá ti san owó rẹ̀ bí ó ti yẹ, nítorí pé ìtọ́jú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún gbogbo ìlú.

Síbẹ̀, gbèsè ti òkú kò pa ẹ̀tọ́ alààyè rẹ́, a sì lè fi sùúrù pín ilẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ní ìlú Princeton, níbi tí George Washington ti ṣẹ́gun ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní, ọdún 1777, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí à ń pè ní Institute for Advanced Study fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ sórí apá kan ilẹ̀ ogun náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá àwọn tí ń dáàbò bo ilẹ̀ náà fà á. Ní ìparí ọdún 2016 wọ́n fi ẹnu kò: ilé ẹ̀kọ́ náà tà nǹkan bí ékà 15 ní iye 4,000,000 dọ́là, wọ́n sì tún ètò ilé wọn ṣe kí ó lè gba àyè tí ó kéré sí i. Àwọn olùkọ́ kò pàdánù ibùgbé, àwọn òkú kò sì pàdánù ilẹ̀ wọn. A rò pé ìdí tí òfin fi béèrè ìdajì owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyí pẹ̀lú. Bí àwọn ènìyàn kò bá fẹ́ràn ohun kan tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi owó ara wọn sí i, bóyá kò tíì yẹ kí a ná owó ìlú sí i.

Ohun kejì tí wọ́n ń wí ni pé pápá ogun tí a tún ṣe ń yin ogun. Ọmọdé yóò dé ibẹ̀, yóò rí àgbá ìbọn tí ń dán, yóò rí ère ọ̀gágun lórí ẹṣin, yóò sì fẹ́ jagun. A kò lè sẹ́ ẹ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wí. Nínú ìwé ìtàn a ń kà á pé ní ọjọ́ kẹta ìjà Gettysburg, nǹkan bí 12,000 ọmọ ogun Gúúsù ni wọ́n rọ́ lu òkè tí àwọn ará Àríwá wà. Gbólóhùn kan ni, ẹnu a sì kà á tán kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gé igbó kúrò tí ilẹ̀ sì tún tẹ́ lọ gbalasa, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà nínú oòrùn, nǹkan bí máìlì kan, láìsí igi kan tí yóò sá pamọ́ sí. Kí ó tó dé ibi ògiri òkúta ni yóò ti mọ ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìdajì àwọn tí ó jáde lọ ni kò padà láìfarapa. Igbó tí ó hù sí ibẹ̀ ń bo ìwà òmùgọ̀ ogun náà mọ́lẹ̀ ni. Gígé tí a gé e ni ó tú u síta.

Ilẹ̀ náà sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò gbé ìbọn. Opó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lydia Leister ń gbé nínú ilé kékeré kan ní Gettysburg. Ilé rẹ̀ ni ọ̀gágun àgbà ti Àríwá, George Meade, sọ di ibùjókòó rẹ̀. Nígbà tí opó yìí padà, ó bá òkú ẹṣin nílẹ̀ yí ilé rẹ̀ ká. Àlìkámà rẹ̀ ti bàjẹ́, omi ìsun rẹ̀ ti díbàjẹ́, èyí tí ó sì rí jẹ lára gbogbo rẹ̀ ni egungun àwọn ẹṣin náà tí ó kó tà. Nítòsí ibẹ̀ ni oko Abraham Brian wà, ọkùnrin dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Ó sá kúrò nílé kí àwọn ọmọ ogun Gúúsù tó dé, nítorí wọ́n ń mú ènìyàn dúdú lọ sí oko ẹrú láìbéèrè bóyá òmìnira ni í ṣe. Nígbà tí ó padà, ó bá ilé tí ìbọn ti lù jálujàlu àti oko tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ pa. Ó béèrè 1,028 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba fún ohun tí ó pàdánù; 15 dọ́là ni wọ́n fún un. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ti tún un ṣe bí ó ti wà nígbà ìjà náà. Ẹni tí ó bá dúró níwájú ilé yìí tí ó mọ ìtàn rẹ̀, kò dájú pé yóò padà lọ sílé láti máa yin ogun.

Ohun kẹta ni ó le jùlọ. Wọ́n ń wí pé irọ́ ni àtúnṣe. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Pápá tí a tún ṣe tutù yọ̀yọ̀, ẹyẹ ń kọrin níbẹ̀, kò sí òórùn, kò sí igbe. Ilẹ̀ tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ti gbé, tí àwọn àgbẹ̀ ti ro, a wá mú ọjọ́ mẹ́ta nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ a sì wí pé, “Èyí ni yóò jẹ́ títí láé.” Ta ni ó yan àwọn ọjọ́ náà? Ta ni ó sì yan ohun tí a ó sọ nípa wọn?

A gbà pé ẹ̀sùn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí a ti rí irọ́ irú èyí. Ní ọdún 1913, nígbà tí ìjà náà pé àádọ́ta ọdún, àwọn arúgbó ológun tí ó ju 50,000 lọ pàdé ní Gettysburg, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ohun ẹlẹ́wà ni, ṣùgbọ́n ìgboyà ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ìdí ìjà náà, èyí tí í ṣe oko ẹrú, wọn kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn pápá náà: ènìyàn lè lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀ kí ó mọ ibi tí àgbá ìbọn kọ̀ọ̀kan dúró sí, kí ó má sì mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ọdún 1999 ni aṣòfin dúdú kan, Jesse Jackson Jr., tó mú kí ó wọ inú òfin ìnáwó pé kí a máa ṣàlàyé ipa tí oko ẹrú kó nínú ogun náà ní àwọn pápá tí ó wà lábẹ́ ìjọba.

Orúkọ tí a fi pe ibì kan pẹ̀lú lè jẹ́ irọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, ọdún 1864, àwọn ọmọ ogun tí John Chivington kó lẹ́yìn kọlu àgọ́ àwọn ẹ̀yà Cheyenne àti Arapaho ní Sand Creek, ní Colorado, wọ́n sì pa nǹkan bí 230 ènìyàn, tí ó jẹ́ pé obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Síbẹ̀, lára ère ìrántí tí a gbé kalẹ̀ ní ìlú Denver ní ọdún 1909, a kọ Sand Creek pọ̀ mọ́ àwọn ibi tí a ti jà bí akọni. Ó di ọdún 2007 kí ilẹ̀ náà tó di ibi ìtọ́jú ti orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú orúkọ tí ó tọ́ sí i, èyí tí í ṣe ìpakúpa. Bí a bá fi owó tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lábẹ́ orúkọ àkọ́kọ́, irọ́ ni a ń fi owó ìlú rà. Bí a bá tún un ṣe lábẹ́ orúkọ kejì, ìjẹ́wọ́ ni.

Nítorí náà ni a kò fi gbà pé kí a jáwọ́ nínú àtúnṣe nítorí ẹ̀sùn kẹta yìí. Ìwé pàápàá ń purọ́, a kò tìtorí rẹ̀ jáwọ́ nínú ìwé kíkà. Àwọn tí yóò kọ òtítọ́ ni à ń wá. Àìtún ilẹ̀ ṣe pẹ̀lú lè jẹ́ irọ́. Ní New Market Heights, nítòsí Richmond, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1864, àwọn ọmọ ogun dúdú jà tó bẹ́ẹ̀ tí 14 nínú wọn gba àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ fún akọni ní Amẹ́ríkà. Bí ilé bá bo irú ilẹ̀ báyìí mọ́lẹ̀, yóò rọrùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ láti wí pé ẹlòmíràn ni ó dá ènìyàn dúdú sílẹ̀, àti pé wọn kò jà fún ara wọn.

Pápá kan sì wà tí ó kan àwa tí ń sọ èdè Yorùbá tààrà. Ní ọdún 1860, nígbà tí ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, ọkọ̀ ojú omi Clotilda fi òkùnkùn bojú kó nǹkan bí 110 ènìyàn wọ ìlú Mobile, ní Alabama. Kossola wà nínú wọn, ẹni tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà ní Benin òde òní. Ọdún márùn-ún ni ó fi ṣe ẹrú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Àríwá, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dúdú wà nínú wọn, gba odi Blakeley tí ó kọjú sí Mobile. Ní ọjọ́ kejìlá, Mobile túúbá, ìròyìn òmìnira sì dé ọ̀dọ̀ Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kò rí owó ọkọ̀ padà sílé; wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó síbẹ̀, Africatown. Pápá Blakeley ṣì wà ní ìpamọ́, yàrà tí wọ́n gbẹ́ ṣì hàn lórí ilẹ̀. Ta ni nínú wa tí yóò wí pé owó tí a fi pa á mọ́ ṣòfò?

Ìdájọ́ wa nìyí. Ó tọ́ láti fi owó ìlú tún pápá ogun ṣe, bí a bá pa ohun mẹ́ta mọ́. Èkíní, kí a sọ ìdí ogun náà ní gbangba níbẹ̀, kí ìgboyà má baà bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Èkejì, kí a tún ilé opó àti oko tálákà ṣe pẹ̀lú ìtọ́jú kan náà tí a fi tún ibùjókòó ọ̀gágun ṣe. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe pe àpá ní ara: kí a jẹ́ kí àlejò mọ ohun tí ó jẹ́ àtijọ́ àti ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ wa tún mọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, òfin mẹ́ta yìí kan náà ni ó yẹ kí a fi máa kọ́ ìtàn ogun ní kíláàsì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá bèèrè èrè rẹ̀, ẹ wí fún un pé ènìyàn ni ó kú níbẹ̀, pé ohun kan ni ó fa ikú wọn, àti pé ẹni tí kò bá mọ ohun náà lè tún un ṣe láìmọ̀. Pápá tí ó bá ń kọ́ni ní èyí, ó yẹ kí a ná owó sí i. Èyí tí kò bá lè kọ́ni ní i, ó sàn kí a fi fún àgbẹ̀ kí ó gbin àgbàdo.